Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Kọ ní Fínláǹdì

Tí àwọn ènìyàn bá bi mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún, òtútù ni mo máa ń sọ fún wọn. Òtútù máa ń tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n á ní, "Hẹn, a gbọ́ bẹ́ẹ̀," ọ̀rọ̀ á sì yà síbòmíràn. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi Ràmọ́tà, kí Ọlọ́run fi Alijanna kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé tí ọ̀bẹ bá gé mi, àwọn ará ilé ló máa kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ kí n tó yanu. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Efire ni mí, ní etí ọ̀sà. Apẹja ni bàbá mi. Ó ní ọwọ́ tó lè wa ọkọ̀, a kì í gbé e fún gègé ìkọ̀wé, nítorí náà mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí n tó jókòó ní kíláàsì kìn-ín-ní. Orúnkún mi kì í wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Nígbà tó yá, mo di olùkọ́ ní Mákún-Omi, mo sì ti lé ní ogójì ọdún kí n tó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ràmọ́tà ló ń tì mí. Ó ní, "Ìwé tí o pẹ́ bẹ̀rẹ̀, má tètè fi í lẹ̀."

Nígbà tó kú, ilé dákẹ́ jù. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, Nímọ̀, ti wà nílé ọkọ. Mo kọ̀wé sí ilé-ìwé kan ní Fínláǹdì pé mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé, wọ́n sì gbà mí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀, tó ń ta pákó ní sọ́múìlì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ló dúró tì mí títí mo fi lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé, "Tíṣà, lọ gba ìwé náà wá. Má mú nǹkan mìíràn bọ̀."

*

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù bà mí níbẹ̀, inú kíláàsì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa kọ́ wa wọlé, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ní kí gbogbo wa máa pe òun ní Pẹ́kà. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: Pẹ́kà báyìí, Pẹ́kà báyẹn. Mo wo irun yẹn. Ahọ́n mi kọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo lò níbẹ̀, mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ ọkùnrin náà rí. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, mo máa rìn lọ dúró síwájú rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè. Ó lè ti rò pé mo ya odi díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí obìnrin kan ní ibùdó ọkọ̀. Ó wẹ̀yìn kí ó lè mọ ẹni tí mò ń kí. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dé ibùdó, mo máa dúró jìnnà sí wọn bí wọ́n ṣe ń dúró jìnnà sí ara wọn, a ó máa wo ọ̀nà bí ẹni tí ìjà wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, adágún tó wà nítòsí ilé wa dì gbagidi. Mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń rìn lórí omi. Ọmọ apẹja ni mí, mo mọ ohun tí omi ń ṣe fún ènìyàn, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí àpótí láàárín omi dídì náà, ó dá ihò, ó ju ìwọ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo dúró wò ó tó bí ìdajì wákàtí, ó fi ọwọ́ pè mí. Mo lọ. Ó sún díẹ̀ lórí àpótí, ó gbé okùn ìwọ̀ lé mi lọ́wọ́. A ò sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ tèmi, mi ò gbọ́ tirẹ̀. Ìwọ̀ mú ẹja kan, ó kéré, ó fún mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ní gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ mi kò yà lẹ́nu.

*

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni fífọ ilẹ̀ nínú ilé ọ́fíìsì kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Ẹ̀rọ kan wà tí a máa ń tì, ó ń fọ ilẹ̀, ó ń fà á gbẹ. Ní Mákún-Omi, àwọn ọmọ ló máa ń gbá kíláàsì dè mí, tí màá fi ìka yẹ orí tábìlì wò bóyá eruku kù. Níbí, obìnrin kan tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ mi ló ń fi ìka yẹ iṣẹ́ mi wò. Kò rí eruku. Lọ́jọ́ kan ó ní ilẹ̀ tèmi ló mọ́ jù nínú gbogbo ilé náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, mo sọ ọ́ fún Nímọ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ má sọ fún Bàbá Àgbà o. Wọ́n rò pé ẹ̀ ń kọ́ àwọn òyìnbó níwèé ni."

Bàbá Àgbà tó ń wí ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ló máa ń pè mí. Ariwo pákó tí wọ́n ń là máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Tíṣà. Kí lo jẹ?"

"Ọ̀dùnkún òyìnbó, Ẹ̀gbọ́n."

"Lánàá ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"O fi ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀, o gba ojú ọ̀run lọ jẹ ọ̀dùnkún. Àwọn tó lọ jagun kò jìyà tó ìwọ. Ìwé ńkọ́?"

"Ó ń lọ."

"Kó máa lọ. Mo ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé tí o bá dé, ìwọ lo máa ka ìwé ìkíni níbi ọdún. Wọ́n ní ṣé o ṣì gbọ́ Ìjẹ̀bú. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, kò gbọ́ òyìnbó pàápàá."

Mo rẹ́rìn-ín. Tí ó bá pa fóònù, yàrá náà á tún padà di yàrá. Ibùsùn kan, tábìlì kan, fèrèsé kan. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, màá máa ronú pé ibi tí wọ́n ti ń dúró dè mí kò mọ ẹni tí mo dà, ibi tí mo wà kò sì mọ ẹni tí mo jẹ́. Àárín méjèèjì ni mò ń gbé. Àárín kò ní àdúgbò, kò ní ẹni tó ń jí kí ẹni.

*

Mo ní láti sọ nípa kúèrì kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé.

Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ tuntun, ìjì da ọkọ̀ wa dé lọ́nà Òde-Omi, réjísítà kíláàsì mi bọ́ sómi. Wọ́n kọ kúèrì sí mi, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀gá fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tí nǹkan fi rí báyìí. Mo jókòó, mo kọ ojú ìwé mẹ́ta. Mo ṣàlàyé ìjì, mo ṣàlàyé ọkọ̀, mo dárúkọ àwọn tí a jọ wà nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ fún hẹ́dìmásítà wa kó bá mi wò ó. Ó kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìjì ló da ọkọ̀ dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òótọ́ ni. Ṣé ìjì ni wọ́n kọ kúèrì sí?"

"Rárá, sà."

"Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Èmi ni, sà."

"Jẹ́ kí ìjì sinmi nígbà náà. Lọ bẹ̀bẹ̀."

Ó ya ìwé mi sí méjì. Ó jókòó tì mí, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dáhùn: kí ènìyàn kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, kí ó bẹ ọ̀gá pé kó fi ojú bàbá wo òun. Ẹni tó bá rojọ́, ó ń bá ọ̀gá jà. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti fi ìjà sílẹ̀, ọ̀gá náà á sì ní agbára láti fi sílẹ̀. Mo gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ náà lọ. Ọ̀gá ẹ̀kọ́ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ará omi yìí. Dìde, jàre. Ṣé ìwọ lo rán ìjì?" Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn máa ń mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó sọ pé àwọn mọ̀.

Bí mo ṣe lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ kéékèèké máa ń gbé kúèrì wọn wá sọ́dọ̀ mi kí n bá wọn kọ ọ́. Ọwọ́ mi dán níbẹ̀.

*

Fọlákẹ́ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. A jọ wà ní kíláàsì kan náà ní Fínláǹdì. Kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó fi ọkọ àti ọmọ kékeré kan sílẹ̀ nílé, ó ń tẹ́ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Daddy ló ń pè mí. Ó máa ń sọ pé mò ń rìn bí ẹni tó gbé omi sórí, pé kí n yára, kí a má pẹ́ dé.

Mi ò yára lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ iṣẹ́ mi, nínú ìwé olójú ewé ọgọ́ta tí mo kó láti ilé. Nígbà tí mo wà ní Àgọ́-Ìwòyè, Nímọ̀ ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, torí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní Fínláǹdì, Fọlákẹ́ ní òun á máa bá mi tẹ̀ ẹ́. Kò ṣe mí bíi pé ohun tuntun ni. Ọmọ ń bá bàbá tẹ̀wé.

Ní ọdún kejì, wọ́n fún wa ní iṣẹ́ ńlá kan kọ. Mo kọ nípa àwọn ọmọ ọ̀sà tí mo kọ́: ọmọ tí kò lè ka iye tó wà lójú pátákó, ṣùgbọ́n tó lè wo apẹ̀rẹ̀ ẹja lẹ́ẹ̀kan kó sọ iye tó wà níbẹ̀, kò ní ṣì í. Mo kọ nípa bí mo ṣe gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja wọ kíláàsì. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo ti ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún kíláàsì tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ mìíràn, wọ́n wá ń bi mí ní ìbéèrè títí àkókò fi kọjá. Mo jáde lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ sọ fún Ràmọ́tà. Mo ti yọ fóònù lápò kí n tó rántí.

Fọlákẹ́ tẹ iṣẹ́ náà fún mi. Ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú tèmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n kọ̀wé sí àwa méjèèjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò ti rí i pé ojú ewé méjì nínú iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀kan náà, ibi tí mi ò kà fún kíláàsì. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó sì wá síwájú ìgbìmọ̀.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ ọ́n. Kúèrì ni.

Mo ṣe ohun tí mo mọ̀. Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù tí mo ní, pé mo tọrọ àforíjì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ dùn mí gan-an, pé mo gbà pé ó kù díẹ̀ káàtó, pé kí wọ́n fi ojú àánú wò mí bí àgbàlagbà tó wá láti ọ̀nà jíjìn, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mi ò dárúkọ Fọlákẹ́. Ní ilé wa, wọn kì í fi orúkọ ẹlòmíràn sínú ẹ̀bẹ̀.

*

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó. Kọfí àti bísíkíìtì wà lórí tábìlì. Mi ò jókòó títí wọ́n fi ní kí n jókòó, mi ò sì wo ojú wọn. Ìwé olójú ewé ọgọ́ta náà wà nínú àpò mi, lórí orúnkún mi. Gbogbo ohun tí wọ́n ní mo jí kọ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bírò mi, pẹ̀lú ibi tí mo ti fagi lé, pẹ̀lú àbàwọ́n tíì. Mi ò yọ ọ́. Ẹni tó ti bẹ̀bẹ̀ tán, tó tún wá ń yọ ẹ̀rí, ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àgbà. Mo ń retí kí wọ́n bi mí. Tí wọ́n bá ní, "Tíṣà, sọ fún wa, báwo ló ṣe jẹ́ gan-an?" nígbà náà ni màá yọ ọ́.

Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn gbé lẹ́tà mi sókè.

"A ti ka ìwé yín. Ó yé wa dáadáa. Ṣé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí náà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ṣé nǹkan mìíràn wà tí ẹ fẹ́ fi kún un?"

"Àforíjì nìkan, mà."

Wọ́n wo ara wọn. Ojú wọn rọ̀. Obìnrin náà ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ sọ òtítọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo jáde. Ara mi fúyẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní ibùdó ọkọ̀.

"Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n tún dúpẹ́?"

"Wọ́n dúpẹ́."

"Alhamudulilahi. O rí i? Òyìnbó náà mọ ẹ̀bẹ̀. Lọ jẹ ọ̀dùnkún rẹ."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni ìdájọ́ dé. Wọ́n dá mi dúró fún ọdún kan. Ìwé ìgbélùú mi sì wà lórí ilé-ìwé: tí n kò bá sí ní kíláàsì, n kò lè wà nílùú. Nínú ìdájọ́ náà wọ́n kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

*

Márjà ni orúkọ obìnrin tó máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Mo gbé ìwé olójú ewé ọgọ́ta mi lọ bá a. Ó ṣí i, ó ń yí ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí bírò, ó rí ibi tí mo fagi lé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí," ó ní.

"Èmi ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi kọ ọ́ sí wọn pé ẹ jẹ̀bi?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjì tó da ọkọ̀ dé. Mo rí i pé ó ń fi ara balẹ̀ gbọ́, ó sì ń ṣàánú mi, kò sì yé e.

Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó ní ìwé mi nìkan kò ní tó, torí ẹnikẹ́ni lè jókòó da nǹkan kọ sínú ìwé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kí Fọlákẹ́ kọ ìlà méjì péré pé inú ìwé yẹn ni òun ti tẹ iṣẹ́ mi. Tí ó bá kọ ọ́, ó dá òun lójú pé wọ́n á dá mi láre.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Fọlákẹ́ wá sí yàrá mi. Ó gbé abọ́ ìrẹsì kan dání. Ó gbé e sórí tábìlì, kò jókòó.

"Daddy, Márjà kọ̀wé sí mi. Ó ní ẹ fẹ́ kí n wá jẹ́rìí."

"Ìlà méjì ni. Kí o sọ ibi tí o ti tẹ̀ ẹ́."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi mí pé ibo ni tèmi ti wá."

Mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Mò ń sáré nígbà yẹn. Ó ku ọjọ́ kan, orí mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi tiyín dí ibẹ̀, kí n padà wá tún un kọ ní ọ̀rọ̀ ara mi. Mi ò padà mọ́."

"Nígbà tí wọ́n bi ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo ní èmi ni mo kọ tèmi. Mo rò pé tí wọ́n bá bi yín, ẹ máa sọ. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo wo òde. Àwọn ọmọ kan ń fa ara wọn lórí yìnyín. Ìwé mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó mú bírò. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbọ́ nígbà tí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Daddy, ẹ dákun. Mo ṣẹ̀ yín. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún mẹ́rin, bàbá rẹ̀ ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá dá mi padà, mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wo ẹnikẹ́ni. Ẹ forí jì mí. Ẹ fi ojú Nímọ̀ wò mí."

Ó tẹrí ba. Kò sunkún. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Mo dúró tì í, mo mọ ohun tó ń retí, torí èmi náà ti retí rẹ̀ níwájú àwọn mẹ́ta yẹn. Mo mọ bí ó ṣe ń rí tí kò bá dé.

"Dìde," mo ní.

"Ẹ ní ẹ ti forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Ó dìde. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó bi mí bóyá mo ní síbí, mo ní ó wà. Ó bá mi ṣí abọ́ náà, ó ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù, ó sì lọ.

*

Márjà kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fèsì, mi ò sì pe ẹjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà lọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe máa ń lọ. Mo ń jí, mò ń lọ fọ ilẹ̀, mò ń padà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé torí ìwà rere ni mo fi ṣe é. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo bínú sí Fọlákẹ́ débi pé mo gbàgbé ìrun mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo bínú sí hẹ́dìmásítà wa, tó ti kú, tó sì kọ́ mi ní ohun tó gbà mí là fún ọgbọ̀n ọdún. Mi ò lè bínú sí àwọn mẹ́ta yẹn. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo sì dáhùn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò tíì pàdé irú rẹ̀ rí, pé kí ènìyàn gba ẹ̀bẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi pè. Ariwo pákó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì bi mí ní ohun tí mo jẹ kí n tó sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ wálé."

"O ti gba ìwé?"

"Rárá. Wọ́n ní kí n máa lọ. Lórí ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn."

"Èyí tí wọ́n dúpẹ́ lé lórí?"

"Òun ni."

Ó kúrò níbi tí wọ́n ti ń la pákó, mo gbọ́ bí ariwo náà ṣe ń jìnnà.

"Ṣé o bẹ̀ wọ́n?"

"Mo bẹ̀ wọ́n."

"Tíṣà, ṣé o bẹ̀ wọ́n dáadáa?"

"Mo bẹ̀ wọ́n dáadáa, Ẹ̀gbọ́n."

"Hùn." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Bóyá o ò bẹ̀ wọ́n tó ni."

Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni.